Jọkẹ́ Kọ̀, Kò Fọwọ́ Síwèé

Sùlàímọ́nù kò rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò pẹ́. Ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ouagadougou láti wá sọ fún àbúrò rẹ̀, Tàófíìkì, pé kí ó fi ilé rẹ̀ tó wà ní àdúgbò Samandin dógò ní báńkì, kí ó sì fi owó náà ra ọkọ̀ akẹ́rù fún òun. Ohun kan ṣoṣo tó bá a wá nìyẹn, yàtọ̀ sí àpò aṣọ rẹ̀.

Tàófíìkì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Sankaryaré. Ìdí ìsọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá a, ibẹ̀ náà ló sì ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àbúrò náà dọ̀bálẹ̀ láàárín ọjà.

“Bẹ́ ẹ bá ṣe wí ni, ẹ̀gbọ́n.”

Inú Sùlàímọ́nù dùn. Bó ṣe yẹ kí àbúrò ṣe nìyẹn. Ràṣídì, èyí tó tẹ̀lé òun gan-an, kò janpata nígbà tí òun ní kó fi ilé tirẹ̀ dógò ní ìlú Bobo. Pé báńkì wá gba ilé Ràṣídì tà lẹ́yìn náà, àyànmọ́ ni. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí pé àyànmọ́ ni, ó sì ti tó ìgbà díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti bi í léèrè mọ́.

Félix, akọ̀wé báńkì, ló dá wọn lóhùn. Yorùbá ni ìyá rẹ̀, aṣọ òfì ilẹ̀ Faso tí ìjọba ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ̀ ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ sójà ti gbàjọba, tí wọ́n ti ní ilẹ̀ di ti gbogbo ìlú, ìwé àṣẹ láti gbé orí ilẹ̀ ni báńkì ń kọ́kọ́ bèèrè. Tàófíìkì ní i. Ó bèèrè bóyá búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Búlọ́ọ̀kù ni. Ó bèèrè bóyá ẹlòmíì ń dù ú. Kò sí. Sùlàímọ́nù ló ń dáhùn gbogbo rẹ̀, àbúrò rẹ̀ a sì fi “d'accord” tì í lẹ́yìn.

Wọ́n ti fẹ́ dìde kí Tàófíìkì tó sọ̀rọ̀. Kò gbójú sókè.

“Pardon, Félix. Ìyàwó tó ń gbé inú ilé ńkọ́? Ṣé òun náà máa fọwọ́ sí i?”

“Dandan ni. Àgbàlagbà tó bá ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun á jáde tí owó ò bá wọlé mọ́. Níwájú mi ni, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ tipátipá.”

Sùlàímọ́nù wò ó láwòmọ́jú. Ọmọdé máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàwó fẹ́ wí?

Ouagadougou ni wọ́n bí Jọkẹ́, ìyàwó Tàófíìkì, sí, ilé ìwé Faransé ló sì lọ. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó gbé omi fún Félix tó wá sílé wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ìwé náà, ó kà á dé ìparí, ó sì dá a padà.

“Mi ò ní fọwọ́ sí i.”

Sùlàímọ́nù rò pé kò gbọ́ dáadáa. Ó rọra ṣàlàyé. Ó rán an létí ẹni tó fẹ́ ẹ sílé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni Jọkẹ́ wí, orókùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. “Èmi ni mo ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì ilé yìí, toyún-toyún. Ibi tí àwọn ọmọ mi ń sùn kò ní wọ báńkì.”

“Jọkẹ́,” ni Tàófíìkì wí, “ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yẹn.”

“Mo gbọ́. Non.”

Félix kó ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Sùlàímọ́nù lọ pe Alhaji Láwàlì, àgbà àwọn Yorùbá àdúgbò. Alhaji bẹ Jọkẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tó yá, ó yíjú sí Tàófíìkì, ó bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ rí sí i. Sùlàímọ́nù ló dáhùn. Ó ní àbúrò òun ti gbà tipẹ́. Tàófíìkì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbínú wá gun orí Sùlàímọ́nù. Ó pe àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ó lé obìnrin náà lọ sílé bàbá rẹ̀.

“Màá lé e, ẹ̀gbọ́n,” ni Tàófíìkì wí. “Àmọ́ tí mo bá lé e, àwọn camarade, ìgbìmọ̀ ìjọba tuntun ní àdúgbò, á ní ìyá àtàwọn ọmọ ló ni ilé. Èmi ni wọ́n máa ní kó jáde.”

Sùlàímọ́nù gégùn-ún fún ìjọba náà àti gbogbo sójà rẹ̀. Jọkẹ́ jáde sí àgbàlá. Àwọn ará ilé kejì ti yọjú.

“Ẹ pe ẹni tó bá wù yín,” ló wí. “Ẹ pe ìmáàmù. Ẹ lọ jí ìyá mi nínú sàréè. Ẹ ní ìyàwó burúkú ni mí, mo gbà. Ilé yìí kò ní lọ.”

Ojú ti Sùlàímọ́nù gidigidi. Ó di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ gbéra, ó gbé ọwọ́ lé èjìká àbúrò rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é dé ọkàn. Ọkùnrin tí kò ní ẹnu nínú ilé ara rẹ̀.

“Ọlọ́run á gbà ọ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn.”

“Àmín, ẹ̀gbọ́n.”

Nígbà tí Tàófíìkì padà dé Samandin, ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní, “O ṣeun, Jọkẹ́: rárá tí ẹnu àbúrò ò lè sọ sí ẹ̀gbọ́n, o bá mi sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe bẹ̀ ọ́.”