Lẹ́tà Tí Ẹ̀rọ Kò Mojú Rẹ̀

"Àpótí òfìfo ló tún jáde." Béka, tí ń gbẹ́ òkúta ibojì ní Mestia, ìlú kan lórí òkè ní Georgia, yí ojú kọ̀ǹpútà sí opó tó wá gbẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. "Ìyá àgbà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Mo tẹ nọ́ńbà eléyìí, ẹ̀rọ ò mojú ẹ̀, àpótí ló ń fi rọ́pò."

Lọ́túnla ni ogójì ọjọ́ ikú ọkọ rẹ̀, òkúta sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí ibojì. Olórúkọ ló ń kú, orúkọ kì í kú. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ náà jẹ́ ti èdè Svan, èdè ìbílẹ̀ wọn, lẹ́tà kan sì wà láàárín rẹ̀ tí wọn kì í kọ́ni nílé ìwé.

"Ẹ fọwọ́ yà á, n ó tọ ipa ẹ̀."

"Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ. Pípè ni mo mọ̀." Ó sì pè é láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun.

"Ẹ rọra, kí eegun ẹja má há yín lọ́rùn."

Opó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Ọkọ rẹ̀ kọ orúkọ náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn láti ọsibítù. Àràárọ̀ ló ń kà á.

Béka wò ó, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àpótí òfìfo náà ló wà nínú orúkọ yìí náà, Ìyá àgbà. Ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Mo rò pé fèrèsé ilé ìṣọ́ wa, ilé òkúta gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ló yà. Ibẹ̀ ló ti máa ń wò mí tí mo bá ń da màlúù bọ̀. Mo ní àárò ilé ló ń sọ ọ́."

Béka na ọwọ́ sí irin ìgbẹ́kúta rẹ̀.

"Gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀," ni opó náà wí. "Ṣùgbọ́n jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀, kí ọkọ mi lè ríran."