Máàkì Oyèkúnlé

Nígbà tí Fọlárìn wà ní yunifásítì, kóòṣì bésíbọ́ọ̀lù bi í léèrè bí Oyèkúnlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n gbá sí. Ìlara mú kó dáhùn pé ọ̀lẹ ni. Wọ́n yọ Oyèkúnlé kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọkọ̀ tó wọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà dojú dé, ó sì kú.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, Fọlárìn ń to ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú géèmù bésíbọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó fi orúkọ Oyèkúnlé ṣáájú, ó fún un ní máàkì àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún bó ṣe mọ̀ ọ́n gbá sí. Máàkì náà ṣàdédé já wálẹ̀ sí mẹ́wàá. Ó tún un kọ, ó tún já. Àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dún bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé e, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà nílé.

Kò lè bojú wẹ̀yìn.

“Kúnlé, irọ́ ni mo pa mọ́ ẹ. O mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ.”

Ohùn kan dáhùn jẹ́jẹ́: “Mo mọ̀, Fọlá. Kóòṣì ti sọ ohun tó o sọ nípa mi fún mi kí n tó wọkọ̀.”

Àga náà tún dún. Ilẹ̀kùn tó ti tì pa ṣí, ó sì rọra padé.