Ọmọ Inú Géèmù

Ọ̀sán gangan ni ní Festac, ṣùgbọ́n Folúkẹ́ ti fa kọ́tìnì bo gbogbo fèrèsé.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ kékeré kan ń dá rìn nínú igbó dúdú, ó ń wá ọ̀nà àbájáde.

Pàkúté irin gbá a mú. Ọmọ náà nà gbalaja.

Folúkẹ́ kò tẹ bọ́tìnì tí ń jí i dìde. Ó kàn ń wò ó.

Àǹtí Yíwọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, pòṣé.

"Wọ́n kìlọ̀ géèmù yìí fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ ni? Mú sídíì yẹn wá, kí n lọ jó o níná."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí."

"Ó dáa, tẹ bọ́tìnì, kí ọmọ ọlọ́mọ dìde."

"Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i."

Àǹtí nawọ́ sí ẹ̀rọ náà. Folúkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ariwo.

"Tolú ọmọ mi ló ni géèmù yìí. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ sin ín, ẹ tì mí mọ́ yàrá. Ẹ ní ìyá kì í rí sàréè ọmọ."

Ó yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n.

"Èyí tí mo rí jókòó tì nìyí."