Olójú Àwòdì

Ìró ríìlì, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká okùn ìpẹja sí, tó ń han gooro nígbà tí ẹja bá ń fa okùn lọ ṣì wà létí bàbá kan láti ìgbà èwe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń di ọ̀pá ìpẹja mú. Òun àbúrò ló máa ń rí ẹja.

"Níbo ló wà?"

"Ọwọ́ ọ̀tún yín, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Ṣáà máa sọ, olójú àwòdì."

Bí wọ́n bá délé, ẹ̀gbọ́n nìkan laráyé ń kí kú iṣẹ́. Ìbínú yẹn ló gbé àbúrò dé ìlú òkèèrè. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti lọ tí ẹja padà sétí òkun, ẹ̀gbọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù: "Ojú tó ń dùn mí nígbà yẹn, tí mi ò sọ fún ẹ, ti fọ́ tán. Wá bá mi wo ẹja." Àbúrò kò fèsì rí. Ó ní ẹni tó gba ìyìn ẹja kó lọ fojú ara rẹ̀ wá a.

Lónìí, bàbá náà dúró nínú omi òkun tí kò ju orúnkún lọ, ó ń fi ìwọ̀ oníyẹ́ dẹ ẹja. Atukọ̀ tó gbé e wá dúró tì í.

"Bàbá, ẹja rèé níwájú yín. Ẹ ju ìwọ̀ sí i!"

"Níbo?"

"Ìrù ẹ̀ ti yọ sókè! Àbí ẹ ń bá mi ṣeré ni?"

Gbogbo omi funfun báláú lójú rẹ̀. Atukọ̀ gba ọ̀pá, ó ju ìwọ̀ sómi, ẹja gbé e. Ríìlì han gooro.

Bàbá yọ fóònù, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, olójú àwòdì yín ti fọ́jú. Ta ló máa wá wo ẹja fún wa báyìí?"