Dígí Keje

Ayẹ̀léwò fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri ilé àtijọ́ tí ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Ògiri ń gbọ̀n. Lóde, ẹ̀rọ ń gbá òpó irin wọlẹ̀ fún afárá tuntun. Gbì!

Oṣù kan sẹ́yìn ló lẹ dígí tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí ògiri ti sán. Bí ògiri bá sún, dígí á fọ́, àwọn òṣìṣẹ́ á sì dá ẹ̀rọ dúró. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Dígí kò fọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó juwọ́ lójú fèrèsé pé kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ.

"Ẹ ò ní lé mi jáde, àbí?" ìyá onílé bi í.

"Rárá o, Màmá. Ilé yín le ju èmi gan-an lọ."

"Ọpẹ́ o! Wàhálà mi ò já sásán."

"Wàhálà wo?"

Ìyá fa abọ́ kan jáde lábẹ́ àga. Dígí fífọ́ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀.

"Bí ọ̀kan bá ti fọ́, ọmọ mi, màá lẹ òmíràn. Àárọ̀ yìí ni mo lẹ ìyẹn."

Ayẹ̀léwò fò sójú fèrèsé, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì juwọ́ padà sí i.

Gbì!

Dígí keje là sí méjì.