Ẹni Tó Ń Gbẹ́sẹ̀ Sókè Nínú Omi

Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn tó léfòó, ó ń wo Oríyọmí ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ nínú omi tó mù ún dé orúnkún. Ilé-iṣẹ́ abẹ́ òkun tó ń bá ṣiṣẹ́ ti dá a padà lónìí, lẹ́yìn jàǹbá tó ṣe é níbẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ibi tó bàjẹ́ lára rẹ̀ làwọn ti tún ṣe.

Ṣùgbọ́n ó ń gbẹ́sẹ̀ sókè! Ara fu Abọ́sẹ̀dé. Ọmọ etíkun wo ni kò mọ̀ pé ńṣe là ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, kí ẹja pẹlẹbẹ onírù olóró tó sin ara rẹ̀ sínú yanrìn lè yàgò? Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá; ẹja yìí sì ti ta Oríyọmí rí ní kékeré, igbe rẹ̀ gba ìlú kan.

“Bàbá Ayọ̀mípọ̀, ẹ wọ́ ẹsẹ̀ yín o!”

Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ẹja tó máa ń mọ̀ bí ọkàn alààyè bá ń lù nítòsí, kò mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Oríyọmí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìrù fò sókè, ẹ̀gún wọ̀ ọ́ lọ́rùn ẹsẹ̀.

Kò ké. Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ẹ̀gún ṣì há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

“Ìyá Ayọ̀mípọ̀, o kú ilé. Ọmọ mi dà?”

“Kò sí nílé,” ni Abọ́sẹ̀dé wí, ó sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tí Ayọ̀mípọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.