Pákó Ibùsùn Màmá Fadérera

Láoyè kì í kúkú gbádùn orin. Sípíkà ló ń tún ṣe ṣáá: òní á sún un sí kọ̀rọ̀, ọ̀la á pààrọ̀ wáyà, á sì tún yí ohùn rẹ̀ sókè. Màmá Fadérera, arúgbó aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní yàrá kejì, a máa fi ọ̀pá kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Láoyè ọmọ mi, orí ń fọ́ mi o! Bá mi dín in kù!"

"Ó kù díẹ̀, Màmá!"

Èsì rẹ̀ nìyẹn títí màmá fi kú sínú ariwo náà.

Àwọn ọmọ màmá gbé ibùsùn tí ó kú lé lórí síta pé àwọn fẹ́ dáná sun ún. Pákó ìrókò rẹ̀ wọ Láoyè lójú. Ó jí i gbé, ó fi kan àpótí sípíkà tuntun.

Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, báàsì rẹ̀ dùn, àmọ́ nǹkan kan ń kàn gbà, gbà, gbà nínú àpótí. Ó dín ohùn rẹ̀ kù, kò dákẹ́. Ó fa wáyà iná yọ, ṣe ni ariwo tún ń ga sí i. Láoyè fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù!"

Ohùn arúgbó dáhùn láti inú pákó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Ó kù díẹ̀, ọmọ mi."

Bọ́tìnnì ohùn sípíkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sókè fúnra rẹ̀.